Ojú Nazzarena Nínú Iná

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ersilia Bartoletti ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lókè àdúgbò wọn ní Gubbio. Kò gbójú sókè wo ògiri ọwọ́ òsì rí, àfi bí aláǹtakùn bá ta sí i. Ìdájọ́ Ìkẹyìn ni wọ́n yà síbẹ̀ láti ayébáyé: àwọn ẹni ìgbàlà wà lókè nínú aṣọ funfun, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú iná. Ẹni tó ní ilẹ̀ láti gbá kì í ráyè ka iye ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, ọmọbìnrin ará Denmark kan tó ń jẹ́ Maren wọlé, ó gbé báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ pọ̀n sẹ́yìn. Ó ti rin ìlú mẹ́sàn-án kó tó dé Gubbio, gbogbo ohun tó bá sì rí ló ń yà sínú ìwé kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó síwájú ògiri yẹn. Ersilia a máa gbálẹ̀ yí i ká bí ẹni ń gbálẹ̀ yí òpó ká. Lọ́jọ́ kẹta, àánú rẹ̀ ṣe é, ó bu búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún un.

"Ọmọ, ebi ò pa ẹ́ ni? Àwọn ará inú iná yẹn ò lè fún ẹ lóúnjẹ o."

Maren rẹ́rìn-ín, ó gba búrẹ́dì, ó wá tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. "Màmá, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n wò tí wọ́n fi ya obìnrin yẹn?"

"Obìnrin wo?"

"Ẹni tí èṣù ń fa irun ẹ̀ yẹn. Èjí tó wà lẹ́nu yín ló wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, òní lo pé ọjọ́ mẹ́ta níbí, o ti jù mí sínú iná."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ersilia wo ìwé tí ọmọ náà ṣí sílẹ̀, ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe òun. Àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì obìnrin náà. Àpá yẹn, orí àtẹ̀gùn òkúta ni Nazzarena ìyá rẹ̀ ti gbà á nígbà tó ṣubú lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n sin Nazzarena.

Ersilia gbé àkàbà, ó gùn ún. Ó dójú kọ àwòrán náà. Nazzarena ni, bó ṣe rí lọ́mọ ogún ọdún. Ó la ẹnu gbàgà, ànjọ̀nú oníwo kan sì wé irun rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Maren sáré wá di àkàbà mú. Ìgbà yẹn ló rántí pé ìyá òun kì í jókòó sí ọwọ́ òsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ó ní òtútù ń mú òun níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó tún ògiri náà yà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Evandro ni, ó ti di arúgbó báyìí, ilé kọfí ìsàlẹ̀ ló sì máa ń wà láràárọ̀. Ersilia kò tú aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́dìí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Bàbá Evandro, kí ni ìyá mi fi ṣe yín?"

Bàbá náà gbé ife sílẹ̀. Kò béèrè pé ọ̀rọ̀ kí ni. "Ó kọ̀ mí ni. Mo ní kó fẹ́ mi, ó ní òórùn ọ̀dà ti pọ̀ lára mi jù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló gbà fún bàbá ẹ."

"Lẹ bá sọ ọ́ sí ọ̀run àpáàdì."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ogun ti jẹ́ kí ojú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn re dànù, ẹnì kan ò rántí bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Ersilia wo àwọn àgbà tó jókòó yí wọn ká. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu nínú wọn.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀."

"Ta ni ì bá sọ fún ẹ?" ọ̀kan nínú wọn dáhùn. "Bàbá ẹ alágbẹ̀dẹ nìkan ni ò mọ̀."

"Mo fẹ́ pa á rẹ́," Evandro ní. "Nígbà tó di ọdún kejì, mo gbé ọ̀dà lọ. Ìyá ẹ ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, oyún ẹ sì wà nínú ẹ̀. Ó ní, 'Fi sílẹ̀. Ìwọ lo yà á, ìwọ ni wàá máa wò ó.' Ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, òun á sọ fún ọkọ òun. O mọ apá bàbá ẹ. Gbogbo Sọ́ńdè ni ìyá ẹ máa ń bojú wẹ̀yìn, kó lè rí i pé mo jókòó síwájú ògiri yẹn."

 Ìbínú ló gbé Ersilia wá, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ yìí bá a lójijì ju àwòrán náà lọ. Nazzarena tó mọ̀ kì í bá ènìyàn jà. Bí adìyẹ aládùúgbò bá wọ oko rẹ̀, yóò rọra lé e jáde ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn ló fìyà jẹ ọkùnrin kan fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kò sì sọ fọ́mọ kankan.

Nígbà tó padà dé òkè, Maren ti ń di ẹrù rẹ̀.

"Ọmọ mi, dákun, bá mi yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ẹ̀ nìkan. Má ya iná, má ya ẹni tó ń fà á."

Maren sọ báàgì kalẹ̀, bọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ̀ sì lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Settimio àbúrò Ersilia wá jẹun ọ̀sán. Ó rí àwòrán náà lára ògiri ilé ìdáná, ó sún mọ́ ọn. Láìsí iná, ẹnu tó là yẹn kò jọ ti ẹni tó ń sunkún mọ́.

"Màmá nìyí," ó ní. "Ta ló ń bá wí báyìí?"

"Jókòó ná," Ersilia ní. "Jẹun kó o tó gbọ́."