Wákàtí Kan Tó Kù fún Moṣọpẹ́

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó yín létí: Moṣọpẹ́ Adétáyọ̀ kì í mu tíì àfi tó bá ti tutù pátápátá. Ó ní tíì gbígbóná máa ń kán èèyàn lójú.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, àdúgbò Whalebone nílùú Ọba ló ń gbé. Nígbà tí ilé ìwé rẹ̀ pàṣẹ pé dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọgbọ̀n wákàtí ṣe iṣẹ́ àtinúwá, ó gbé fọ́ọ̀mù tọ ìyá rẹ̀ lọ pé kó fọwọ́ sí i. Ṣebí láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn lọ́jọọjọ́ Sátidé, láìwọ bàtà?

"Kí n fọwọ́ sí iṣẹ́ Olúwa?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Bó o bá gbàwé lé e, o ti gba èrè ẹ nìyẹn. Lọ wá iṣẹ́ míì. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yẹn bá kún, ìgbálẹ̀ ẹ ń dúró dè ọ́."

Báyìí ló ṣe dé ẹgbẹ́ àwọn àgbà ní àdúgbò Marks Gate, tó máa ń pàdé ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn kan tí ìró ọkọ̀ ojú títì A12 ti ń hó bí odò tó jìnnà. Wọ́n fi í ti Bàbá Olúgbémiga, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ríran mọ́. Iṣẹ́ Ṣọpẹ́ ni kó máa wo ìta lójú fèrèsé, kó máa sọ fún un irú ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbùdókọ̀ iwájú gbọ̀ngàn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, aago ló ń wò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan: obìnrin tó gbé òdòdó sáyà bí ọmọ tuntun; ọkùnrin tó ń kí gbogbo ajá. Bàbá á dijú, ọwọ́ rẹ̀ á máa rọra yí afẹ́fẹ́ bí ẹni yí ìdarí ọkọ̀, á sì dà bíi pé gbọ̀ngàn náà ń rìn lọ.

Fọ́ọ̀mù dé wákàtí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣọpẹ́ ò yé wá.

"Ṣọpẹ́, fọ́ọ̀mù ẹ dà?" Àǹtí Abímbọ́lá, alábòójútó ẹgbẹ́ náà, bèèrè. "Jímọ̀ ni ilé ìwé yín máa gbà á kẹ́yìn. Bí ò bá kún, kò sí ìwé ẹ̀rí o."

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé, Àǹtí." Inú báàgì ló wà.

"Wákàtí mélòó ló kù?" Bàbá bèèrè.

"Ẹyọ kan, sà."

"Ẹyọ kan náà lo wí lóṣù tó kọjá. Ṣé aago ilé ìwé yín ti kú ni?"

"Bàbá, bọ́ọ̀sì ti dé."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló bọ́ sílẹ̀?"

Jímọ̀ dé, Jímọ̀ lọ, fọ́ọ̀mù ò kún. Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ku wákàtí kan, ó sì forí lé Marks Gate.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ téèyàn ń purọ́ kí wọ́n má bàa dá a sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, apá ibo nínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí?