Ìbọ̀wọ́ Tó Fún Mọ́ Agbẹ̀bí Lọ́wọ́

Gbogbo ẹni tó ti bímọ ní àdúgbò kan nílùú olótùútù láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ló mọ agbẹ̀bí tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kò lórúkọ, àwọn èèyàn ni kò rántí orúkọ ọ̀hún mọ́. Obìnrin kúkúrú ni, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn láti ilé aboyún kan dé òmíràn, pẹ̀lú àpò dúdú tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá gbé ọwọ́ lé ikùn báyìí, á dijú, á wá sọ ibi tí orí ọmọ wà àti ibi tí ìdí wà. Kì í ṣì í. Àwọn aboyún a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Nígbà òtútù ọdún kan ni ọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ìka ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ kú, kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Á kọ́kọ́ dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un, tó bá yá, kò ní mọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà, kò sì mọ̀ pé ó bọ́. Kí ọdún tó yí po, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá kan ara rẹ̀. Ọdún méje ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nítorí náà, nígbà tí ìka tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Ó ti gbà pé ohun tó mú ìyá òun ló tún padà wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi ìbọ̀wọ́ aláwọ kan ránṣẹ́ sí i, ó rẹwà, ó sì ń dán. Bí òtútù ṣe ń le sí i ni ó ń wọ ìbọ̀wọ́ olówùú sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ń kú sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé káfíńtà tí ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ gùn, ìrì dídì sì ti funfun lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó dé àárín rẹ̀ nígbà tó rí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kọjá nísàlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ìka pé kí wọ́n fa bíréèkì, ìka ò jíṣẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i tó tò sórí irin bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Afẹ́fẹ́ ń hó létí rẹ̀. Ọmọlanke náà ń tóbi sí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni pé ó fi gbogbo apá yí kẹ̀kẹ́ sínú ọgbà ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì lọ kó sínú igi.

Ọkùnrin náà sáré wá gbé e dìde. "Ṣé bíréèkì ò mú ni, ìyá?"

"Kò mú," ló wí. Irọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Ó ti kẹ̀kẹ́ dé ilé káfíńtà. Ìyàwó náà ti dùbúlẹ̀ dè é, ìyakọ rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ ìkókó. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fọ ọwọ́, ó fi méjèèjì ra ara wọn, ó gbé e lé ikùn. Bí ẹni ń fọwọ́ kan ògiri láti inú tìmùtìmù ló rí. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Nǹkan kan wà lókè, nǹkan kan wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èwo ló le bí orí, èwo ló rọ̀ bí ìdí? Kò mọ̀.

"Ṣé kò sí o, nọ́ọ̀sì?" ni ìyakọ náà bi í. "Ẹ pẹ́ níbẹ̀ lónìí."

"Kò sí nǹkan kan, màmá. Orí ti wà nísàlẹ̀."

Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dijú bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ẹ̀rín yẹn ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé jáde nílé náà, ó sì wúwo ju àpò rẹ̀ lọ.

Táyà iwájú ti wọ́, kò ṣeé gùn. Ó tì í gun òkè padà lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta. Bàbá náà yẹ táyà wò, ó fa bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì.

"Bíréèkì yìí ò ní nǹkan kan o."

Obìnrin náà ń fi eyín fa ìbọ̀wọ́ bọ́, nítorí kò ṣeé fi ọwọ́ bọ́. Nígbà tó jájà bọ́ méjèèjì, bàbá náà rí i pé ojú rírán wọn ti kọ ilà sí i lọ́wọ́, orí àwọn ìka sì funfun bí ẹfun.

"Láti ìgbà wo lọ́wọ́ yìí ti ń kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn tó mú ìyá mi ni."

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n tó o bá wà nílé, tó ò wọ nǹkan kan, ṣé ó máa ń kú?"

Ó ronú. Kò kú nílé rí. Ẹ̀rù tó bà á kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ yìí.

Bàbá náà mú téèpù aránṣọ, ó fi yí ọwọ́ rẹ̀ po níbi tó fẹ̀ jù, kò ka àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ó tún wọn ìka àárín láti ìdí dé orí. "Nọ́ńbà mẹ́jọ ni ọwọ́ rẹ. Mẹ́fà àbọ̀ lò ń wọ̀, o sì tún kó òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú ìka gbóná. Tó ò bá fún un láyè kó dé ibẹ̀, kí ló fẹ́ mú un gbóná?"

Ó gbé àpótí ìbọ̀wọ́ kan jáde. Èyí tó kọ́kọ́ mú wá nípọn bí ìrọ̀rí. Ó ní kí obìnrin náà fi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kó fa bíréèkì, ìka ò tilẹ̀ mọ ibi tí bíréèkì wà. Ìkejì ń ká jọ sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìyẹn á bó ọ lọ́wọ́." Ẹ̀kẹta ní irun àgùntàn nínú, afẹ́fẹ́ kò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ọrùn rẹ̀ sì gùn wọ inú apá ẹ̀wù. Bàbá náà tẹ orí ìka kọ̀ọ̀kan, àyè tó kù níbẹ̀ kò ju ìbú hóró àgbàdo kan lọ. Ó ní kó di ẹ̀ṣẹ́, kó sì fi ìka méjì péré fa bíréèkì nígbà mẹ́wàá. Ó fà á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná inú ṣọ́ọ̀bù ni ọwọ́ náà ti jí, ìrora rẹ̀ sì mú omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà ló wí pé, "Bàbá, mo parọ́ fún aboyún kan láàárọ̀ yìí."

Bàbá náà wo táyà tó wọ́. "Kẹ̀kẹ́ rẹ ò tíì ṣeé gùn. Gun tèmi lọ."

Ó tún padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bíréèkì ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rù ọwọ́ tó kú ti lọ, ẹ̀rù ohun tí ọwọ́ tó jí máa bá níbẹ̀ ló kù.

Kò jókòó nígbà tó wọ ilé káfíńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ láàárọ̀ kò dá mi lójú. Ọwọ́ mi ti kú, ojú sì tì mí láti wí. Ẹ jẹ́ n tún un wò."

Ìyakọ náà gbé aṣọ ìkókó sílẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀: nǹkan róbótó kan tó le, lábẹ́ egungun ìhà, tó ń mì láàárín ìka rẹ̀.

"Òkè ni orí wà," ló wí. "Ilé ìwòsàn ńlá ni ká lọ, lónìí."

Káfíńtà sáré lọ yá ọkọ̀ aládùúgbò. Àwọn dókítà gbìyànjú láti yí ọmọ náà padà nínú ikùn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin jòjòló kan jáde láàyè.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ náà lọ rí dókítà nípa tirẹ̀. Wọ́n gún ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kì í ṣe àìsàn ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọńdinrín òsì fi kọ̀ tí kò jí tán. Láàárín ìgbà yẹn, kó tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, á ti fi àtàǹpàkò kan ìka kọ̀ọ̀kan.

Ó lé lóṣù kan kó tó lè fẹsẹ̀ kan ilé káfíńtà. Ìyakọ náà ló ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó wò ó títí.

"Nígbà tẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí, màmá."

"Ó yẹ kó bà yín," ni ìyá àgbà wí, ó sì na ọmọ náà sí i.