Ahọ́n Mi àti "A Dúpẹ́" Ìyá Mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí mo jí ni pé ahọ́n mi kì í ṣe tèmi mọ́. Ó sùn sílẹ̀ lẹ́nu mi bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìsà. Nítorí apẹ́ńdíìsì ni wọ́n ṣe là mí, ní ọsibítù kan ní Yábà. Ikùn ló yẹ kó máa dùn mí, ó sì ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ti ikùn? Mo fẹ́ ní kí ìyá mi fún mi lómi díẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò jọ Yorùbá, kò sì jọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá mi ní, "Oorun oògùn ló ṣì wà lójú ẹ. Sinmi."

Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ ní Sùúrùlérè. Tí mo bá ń kàwé fún wọn, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ń gbọ́ mi. Ẹnu yìí ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo ojú mi nínú fóònù, mo sì yọ ahọ́n síta. Ó wọ́ sí apá òsì, kò gbà kó dúró láàárín. Àyà mi já. Aládùúgbò wa kan wà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù. Ẹnu ló kọ́kọ́ wọ́ kó tó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo mi ẹsẹ̀, mo fọwọ́ kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ṣì ń jẹ́ mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn dókítà dé. Ẹsẹ̀ wọn ò balẹ̀ rárá. Àgbà inú wọn wo ojú ọgbẹ́ mi, ó ní, "Àǹtí, báwo lara? Kò sí wàhálà kankan?" Kí n tó kó ọ̀rọ̀ jọ, ìyá mi ti dáhùn: "A dúpẹ́ o, dókítà. Ara ti ń yá." Àwọn dókítà kọjá lọ. Mo na ọwọ́ pè wọ́n láti ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wọn rò pé ó dàbọ̀ ni mò ń sọ, ó juwọ́ sí mi.

Ìyá mi kàwé o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àgbà sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá béèrè àlàáfíà wa, kí la máa ń sọ? Orí ń fọ́ wa, a dúpẹ́. Òrùlé ń jò, a dúpẹ́. Lójú ìyá mi, ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn ti ní kó wọlé wá jókòó nìyẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi, wọ́n ń béèrè, ìyá mi ń dúpẹ́, èmi ń da itọ́ sórí ìrọ̀rí. Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n la ife mọ́lẹ̀. Omi inú ife náà gan-an ti ń bà mí lẹ́rù, torí tí mo bá gbé e mì, ó ń gba ọ̀nà òdì, ikọ́ á sì fẹ́ ya ọgbẹ́ ikùn mi.

Dókítà tó fún mi lóògùn oorun ló padà gbọ́ tèmi. Obìnrin kúkurú kan ni. Kò béèrè bóyá ara yá. Ó ní, "Ẹ yọ ahọ́n yín." Nígbà tó rí i, ó fa àga, ó jókòó. Ìyẹn tún já mi láyà ju ohun tí mo rí nínú fóònù lọ.

"Ọ̀fun yín ṣòro," ó ní. "A tiraka gan-an ká tó rí ọ̀nà ti rọ́bà tí ẹ fi ń mí bọ ibẹ̀. Irin tí mo fi gbé ahọ́n yín sókè ló tẹ iṣan tó ń darí ẹ̀. Ẹ má bínú. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "A tún rí fáíbírọ́ìdì nínú ilé ọmọ yín, wọ́n máa yọ ọ́ tó bá yá. Ẹni yòówù tó bá tún fẹ́ fún yín lóògùn oorun, ẹ sọ fún un ṣáájú. Tí kò bá mọ̀, ó lè má rí ọ̀nà tí ẹ máa fi mí."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́," ni ìyá mi sọ kíákíá.

Oṣù mélòó kan kọjá. Mò ń bá ahọ́n mi jà níwájú dígí láràárọ̀. Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, àwọn ọmọ tí kì í bo nǹkan sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀wà gbígbóná sẹ́nu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń padà, àmọ́ tí ẹ̀rù bá ti bà mí, ahọ́n náà tún máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fáíbírọ́ìdì ò dúró dè mí kí ahọ́n mi tó mókun tán. Ọsibítù mìíràn la lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni dókítà oorun ibẹ̀. Ó mú bírò dání, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ṣé ó lọ dáadáa?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìbẹ̀rù ti dè mí láhọ́n pátápátá. Mo gbọ́ tí ìyá mi mí sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"A dúpẹ́…" wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yíjú wò mí.

"Dókítà, kò lọ dáadáa. Ọ̀fun ọmọ mi ṣòro. Irin tí wọ́n fi gbé ahọ́n ẹ̀ sókè ló ṣe é léṣe. Ẹ̀rù ń bà mí."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá mi rí. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó fa àga sún mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.