Akàn Tó Dí Wa Lọ́nà

Ká má purọ́, akàn yẹn lù wá bí ẹni ń lu bàrà. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá ta géèmù orí kọ̀ǹpútà rí máa rẹ́rìn-ín, pé àgbà obìnrin méjì, tí wọ́n ń gba owó oṣù, jókòó sínú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń bá akàn jà. Kó máa rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ni akàn náà lù.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Òun ló ni kọ̀ǹpútà náà. Ìwé ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté ni èmi ń tò ní ọ́fíìsì kan ní Creek Road. Òun ń ṣiṣẹ́ ní Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ orí omi, ariwo ibẹ̀ sì ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ọ̀gágun. Bó bá ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, ará ilé kejì á ṣe àmín.

Nínú géèmù yìí, èèyàn mẹ́rin la jọ ń darí. Wọ́n ń rìn gba inú igbó, inú ihò àpáta àti ìlú àwọn iwin kọjá, ìjà sì ni níbi gbogbo. Bó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, a óò sọ ohun tó máa ṣe, lẹ́yìn náà ni ọ̀tá á ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà fún wọn lórúkọ, àmọ́ kò sí èyí tó rọ̀ wá lẹ́nu níbẹ̀. Bàbá là ń pe arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó ń fi ọ̀pá ju iná. Àǹtí ni obìnrin sìgbọnlẹ̀ tó gbé apata. Nọ́ọ̀sì ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Aràrá kan sì wà tó ń ta ọfà, tó ń yọ́ rìn bí ológbò. Kékeré la sọ ọ́.

Akàn náà tóbi bíi kọ̀ǹténà. Ẹnu ibodè èbúté kan ló jókòó sí, ó sì dí ọ̀nà pa. Bó bá gbá Bàbá lẹ́ẹ̀kan, ilà pupa tó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ hàn á já sí ìdajì. Bó bá tún un gbá, ó parí nìyẹn. Tí Bàbá bá ti kú, àwọn yòókù kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Mo dábàá pé ká dín ìjà náà kù, torí géèmù náà fúnra rẹ̀ fàyè gbà á pé kí èèyàn mú un rọrùn tàbí kó mú un le. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ jalè.

"Dín kí ni kù? Abeg, I no dey beg crab. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí o."

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ eré lásán, ká ní kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ. Ó ti ṣègbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Òṣogbo, ó sì ti ṣíwájú lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù máa wá kó ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà. Láti kékeré la ti jọ ń sùn nínú yàrá yẹn. Nígbà tí a dàgbà tán, tí iṣẹ́ gba ọ̀sán, tí ṣọ́ọ̀ṣì gba Sunday, géèmù yìí nìkan ló ṣẹ́ kù tí a jọ ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo rò ó pé bó bá lọ láìjẹ́ pé a kọjá akàn yìí, ibẹ̀ ni géèmù náà á parí sí, èmi àti òun á sì di ará tó ń kí ara wọn nígbà Kérésìmesì. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọdọ̀ fi akàn yẹn sílẹ̀ láàyè."

"Kí n fi akàn sílẹ̀ kí n lọ ilé ọkọ?" ó ní. "Láéláé!"

Nígbà tí Sátidé mọ́, a di gbogbo ẹrù rẹ̀, ó ku tábìlì àti kọ̀ǹpútà. Awakọ̀ pè. "Madam, I don reach Creek Road. Small time, I go dey your front." Ẹ̀gbọ́n mi fa àga, a bẹ̀rẹ̀ ìjà. Akàn pa wá. A tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pa wá, ó sì dà bí ẹni pé ó ń yára sí i.

Ibẹ̀ la wà tí màmá wa wọlé wá wá asẹ́. Olùkọ́ ni màmá wa, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó tajú kán rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ṣé akàn nìyẹn?" Ó sún mọ́ ọn. "Kí ni bàbá arúgbó yẹn ń wá níwájú? Ṣé kò sí ọmọ nílé wọn ni?"

"Màámi, òun làgbà wọn," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe tò wọ́n. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí géèmù náà bi wá pé ta ló máa ṣíwájú, Bàbá la fi síbẹ̀, láìjíròrò rárá. Ta ló fẹ́ rìn níwájú àgbà? Kékeré wà lẹ́yìn pátápátá bí àbígbẹ̀yìn. Bó bá sì kan Nọ́ọ̀sì láti fúnni lóògùn, Bàbá ló ń kọ́kọ́ gbà á, kódà bó jẹ́ pé èékánná lásán ló ha á lára, tí Àǹtí sì ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń pa wá, a ò sì mọ̀.

"Ogun kì í ṣe àwo oúnjẹ," màmá wa ní, "tí ẹ ó fi ní kí àgbà kọ́kọ́ bu òkèlè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ..." Ó dákẹ́, ó wò wá bí ẹni pé kíláàsì la wà.

"T'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè," èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dáhùn.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò wá lò ó." Ó rí asẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé Àǹtí síwájú tòun ti apata, ó fi Nọ́ọ̀sì sẹ́yìn rẹ̀, ó fi Kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá gbé Bàbá lọ sẹ́yìn pátápátá, kó máa ju iná gba orí wọn kọjá. "Ẹ má bínú o, sà," ó sọ fún un. "Ẹ kàn fìdí mọ́lẹ̀ síbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àyípadà dé! Akàn gbá Àǹtí, Àǹtí fi apata gbà á. Ó tún gbá a, ó tún gbà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀mí akàn náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ le bí irin, iná Bàbá ò ràn án dáadáa, ó sì padà rẹ àwọn tiwa. A kú, ṣùgbọ́n ikú yẹn dùn mọ́ mi. Mo fò sókè bí ẹni tó borí.

Fóònù dún. "Madam, I never move o," awakọ̀ ní. "Trailer don block everywhere. Na only God."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ni mo ti ń ṣépè fún àwọn tírélà yẹn. Lọ́jọ́ náà, mo súre fún wọn. Mo gbàdúrà sókè ketekete pé kí ọ̀nà náà dí dáadáa, kó dí látòkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọkọ ń dúró dè ní Òṣogbo, ṣe àmín.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìjà náà gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń di máòsì mú nínú ìjà ńlá. Tèmi ni kí n ka ohun tí wọ́n kọ, kí n sì máa dámọ̀ràn. Lójijì, ó dìde, ó ti máòsì sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ṣe é."

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń..."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Màámi sọ ni? Bọ́ síwájú. Mo wà lẹ́yìn rẹ." Ó lọ dúró sẹ́yìn àga mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Bí mo ṣe jókòó báyìí ni awakọ̀ tún pè. "Madam! Road don open!"

Ó kan Kékeré. Géèmù náà bi mí pé ibo ni kó ta lọ́fà: ẹ̀yìn, ọwọ́, ẹnu, àbí ojú? Ẹ̀yìn la máa ń yàn, torí ó fẹ̀, kò ṣeé tàsé. Ojú akàn náà kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, ó gbé méjèèjì ka orí igi tín-ín-rín, ó ń yí wọn sọ́tùn-ún sósì. Mo wá kíyè sí i pé bí iná Bàbá bá ti ń bọ̀, ojú yẹn á rí i, akàn á sì fi ọwọ́ bo orí rẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí ọkàn mi tó gbọ́.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Kí lo wí?"

"Ojú, ẹ̀gbọ́n mi! Ojú ló fi ń ṣọ́ orí ẹ̀! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa la ti ń pa á lówe!"

Ó lọgun sí mi létí. "Fọ́ ọ lójú!"

Ọfà àkọ́kọ́ tàsé. Akàn gbá Àǹtí, Àǹtí fẹ́ ṣubú. Oògùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi sì ti ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá, ìwà àtijọ́. Mo fà á padà, mo fún Àǹtí. Ọfà kejì bà á! Ojú kan fọ́. Ọfà tó tẹ̀ lé e fọ́ èkejì. Akàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá afẹ́fẹ́, kò mọ ibi tí iná ń gbà bọ̀ mọ́, kò rí orí bò. Bàbá gbé ọ̀pá sókè láti ẹ̀yìn ọ̀hún, ó ju iná gba orí àwọn ọmọ kọjá, ó bá akàn ní àtàrí. Akàn dojú dé, ó tún yí padà, ó nasẹ̀ sókè bí èyí tí wọ́n jù sínú ìkòkò.

Ibodè ṣí.

Igbe tí a ké kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi tàga-tàga. Ará ilé wa kan sáré wọlé, ó ní, "Who score? Who score?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Na crab we kill!" Ọkùnrin náà wò wá tìyanu-tìyanu, ó padà síta. Hóònù ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà.

Kọ̀ǹpútà ló kó kẹ́yìn. Ìró rẹ̀ ló fi wé e bí ọmọ ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, mo sì sunkún, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo padà wọ yàrá náà, ó fẹ̀ jù fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, fídíò ló fi pè. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àbúrò mi! O ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibodè yẹn! Ẹyẹ ni o, ẹyẹ olórí méjì! Mo ń rí i láti ẹnu ibodè!"

Oúnjẹ fẹ́ há mi lọ́fun. "Ẹ ti bá a jà?"

"Ìjà wo?" Ó yí fóònù náà sí ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, Àǹtí níwájú, Bàbá lẹ́yìn, lẹ́nu ibodè gan-an níbi tí mo fi wọ́n sí. "Mi ò tíì gbé ẹnì kankan kúrò lójú kan. Ìwọ là ń dúró dè."