Ìbò Tí A Dì Ní Aago Méjì Ọjọ́ Jímọ̀

Ní ọdún tí owó epo dísù fò sókè, tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní Ìbàdàn ń dá òṣìṣẹ́ dúró, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan lẹ́yìn Ring Road. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó parí ìwé mẹ́wàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ lẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Páìpù kan wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa tó ń da omi ìdọ̀tí sínú gọ́tà. Àwọn kànga wà níbi tí gọ́tà náà gbà kọjá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Mùfútáù, ọ̀rẹ́ mi, olórí àwọn tó ń po ọṣẹ. Omi kànga rẹ̀ ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ara sì ń yún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn olùdókòwò kan láti òkè òkun fẹ́ fi owó sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn kì í fi owó síbi tí wọ́n bá ti ń ba àyíká jẹ́. Wọ́n tún ní kí òṣìṣẹ́ dìbò yan ẹnì kan sínú ìgbìmọ̀ àyíká. Tí ẹni náà kò bá buwọ́ lùwé pé ilé-iṣẹ́ kò ba àyíká jẹ́, owó kò ní wọlé. Inú mi dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gá nílò ìwé tí òun nìkan kò lè kọ. Mo jáde fún ipò náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣèlérí: n kò ní buwọ́ lùwé àfi tí wọ́n bá dí páìpù yẹn pa. Sámù, tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, ló bá mi dù ú. Ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá ni.

Màdáámù tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí.

"Bàbá, Jímọ̀ la fẹ́ kí ẹ dìbò. Aago wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Aago méjì." Ìgbà yẹn ni ṣífìtì òwúrọ̀ ń jáde, tí ti ọ̀sán ń wọlé. Mo rò pé gbogbo wa la máa pé.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú."

Mo kọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tó di Jímọ̀, kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Mo wẹ̀yìn, ó ṣófo. Àwọn tó ń po ọṣẹ, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú wọn, ti lọ kírun Jímọ̀. Onítẹ̀bọmi ni mí. N kò tilẹ̀ rò ó. Kí wọ́n tó dé, àwọn Màdáámù ti kà wá tán. Sámù wọlé.

Mùfú dé pẹ̀lú ẹní ìkírun lábíyá.

"Akọ̀wé, ta ló mú aago méjì?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?" Ó wò mí títí. "Ogún ọdún la ti jọ ń jẹun. Jímọ̀ wo lo rí mi níbí ní aago méjì rí?"



Sámù kígbe láti ẹ̀yìn: "Ààfáà, àdúrà yín ti gbà, ìbò ti parí!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a jókòó sẹ́nu géètì, a ní kí wọ́n tún ìbò náà dì. Màdáámù jáde pẹ̀lú ìwé aago méjì tí mo kọ lọ́wọ́.

"Bàbá, ọwọ́ ta lèyí? Àwọn àlejò wa láti òkè òkun ń bọ̀ lọ́túnla. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ yìí pa, kó jókòó síbẹ̀."

Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oòrùn mú, ó ku èmi àti àwọn ará ọ̀dọ̀ Mùfú.

Àwọn àlejò dé. Ilé-iṣẹ́ ti dí páìpù láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbin òdòdó sétí gọ́tà. Sámù buwọ́ lùwé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, páìpù tún ti ń ṣàn.

Ó yẹ kí n sọ ìyókù. Owó náà wọlé. Wọ́n to sólà amúnáwá sórí òrùlé, ariwo jẹnẹrétọ̀ dínkù, wọn kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Wọ́n ya ewé tútù sára páálí ọṣẹ, bí àmì pé a kò ba àyíká jẹ́, ọjà sì ń tà. Owó oṣù mi kò yẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Òun ni mo fi tọ́jú ìyàwó mi nínú àìsàn tó mú un lọ. N kò lè ní n kò jẹ níbẹ̀.

Àwọn olówó ń béèrè ohùn òṣìṣẹ́ báyìí. Ó dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú aago, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù bóyá yóò ráyè wá.

Mùfú ṣì ń gbé níbẹ̀. Ó ti fi páànù bo kànga náà. A máa ń pàdé ní Challenge. Ó máa ń béèrè àwọn ọmọ mi. Èmi kì í lè béèrè àwọn tirẹ̀.