Fèrè Ọ̀sán Nínú Yàrá Ìdánwò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Olódì-Àpápá, níbi tí àwọn àgbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a wà. Àwọn tó ń ta táyà ló wà nísàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ló ní kí n lọ kọ́ táìpù ná kí n tó padà wá bá wọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ táìpù mẹ́sàn-án ló wà fún àwa méjìdínlógún, nítorí náà ẹni méjì ló ń lo ọ̀kan: bí ẹnì kan bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì á máa ka ọ̀rọ̀ sí i létí.

Ẹnì kejì mi jẹ́ òṣìṣẹ́ wáàfù, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ti ń gbé àpò láti ìgbà tó ti Ìsẹ́yìn dé. Bàbá la máa ń pè é. Ìka rẹ̀ tóbi débi pé lẹ́tà méjì ló máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kan ìṣó. Obìnrin onídìrí tó máa ń jókòó lẹ́yìn wa á ní, "Baba, na typewriter o, no be cement." Bàbá ò ní wẹ̀yìn. Á ní, "My daughter, cement dey hear word pass am."

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ò ní pápá, kò ní gbọ̀ngàn. Ara ògiri àtẹ̀gùn ni a ti ń mọ ohun tó ń lọ. Èmi ni wọ́n fi sídìí ìwé ìròyìn ara ògiri, pátákó ìwé kan tí mo máa ń lẹ̀ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì: ta ló na ta nínú ayò, ìyàwó ta ló bímọ, ta ló yege. Nígbà tí onídìrí yẹn yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tó ti jókòó sí i nígbà mẹ́rin, èrò dí àtẹ̀gùn pa débi pé tíṣà gan-an ò ráyè gòkè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ò lè dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà yẹn ló sọ ohun tó gbé e wá fún mi. Dókítà ti sọ fún un pé eegun ìbàdí rẹ̀ ti ń gbó. Fóòmàn wọn ní wáàfù náà ti rí i. Bó bá ń pe àwọn tó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó ti ń fo orúkọ rẹ̀. Ajẹ́ntì kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù ní wáàfù, tí Bàbá ti ń bá gbé ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́, ṣèlérí pé òun á gbà á sí ọ́fíìsì láti máa táìpù ìwé ẹrù, bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá kí ọdún tó parí.

"Bí mi ò bá yege, àbúrò," ó ní, "mi ò mọ ohun tí ara yìí tún lè ṣe."

Ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò, láti aago mọ́kànlá sí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n yá ẹ̀rọ kún tiwa kí kálukú lè ní tirẹ̀. Obìnrin tó wá ṣọ́ wa kìlọ̀ pé ẹni tó bá jáde ti parí nìyẹn. Lẹ́tà olójú ewé kan ni. Bàbá ń ṣe é dáadáa, ó tiẹ̀ dáa ju bí mo ṣe rí i rí lọ.

Aago méjìlá lù, fèrè wáàfù dún.

Ìrọ̀lẹ́ la máa ń kẹ́kọ̀ọ́. A ò gbọ́ ọ rí nínú kíláàsì. Ní wáàfù, ẹni tí kò bá sọ ẹrù sílẹ̀ nígbà tí fèrè bá dún, òun nìkan ni yóò gbé e dé ibi tó ń lọ, nítorí àwọn tó yẹ kó bá a sọ̀ ọ́ ti lọ jẹun. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò, ó fa ìwé yọ nínú ẹ̀rọ, ó dìde, ó gba ọ̀nà ilẹ̀kùn lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé gbogbo wa ṣì ń tẹ̀.

Obìnrin náà ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Bàbá ò pariwo. Ó ní, "Ẹ má bínú, màdámù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ ẹrù sílẹ̀ bí mo bá ti gbọ́ fèrè yẹn. Ẹsẹ̀ mi ló dìde, èmi ò mọ̀."

Obìnrin náà bi í bóyá ó ti jáde. Kó tó dáhùn, gbogbo kíláàsì ti ní rárá. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta. Mo rí i.

"Ẹ padà jókòó," obìnrin náà ní. "Mi ò ní fi ìṣẹ́jú kankan kún un fún yín."

Ìwé tí wọ́n bá ti fà yọ kì í wọlé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlà márùn-ún tó kù wọ́ sápá kan, ṣùgbọ́n ó parí wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri àtẹ̀gùn. Bàbá dúró sísàlẹ̀ láàárín àwọn táyà, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo wò ó: ó yege, pẹ̀lú máàkì tó kéré jù lọ tí wọ́n lè fi yege. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún un. Ó ní kí n padà lọ, bóyá ìlà ẹlòmíràn ni mo kà. Mo mú rúlà gòkè, mo fi í sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, mo tún kà á. Nígbà tí mo padà dé, ó jókòó lórí táyà kan. Mo ní tirẹ̀ ni. Ó dìde, ó ní ká máa lọ.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ ajẹ́ntì la máa kọ́kọ́ lọ. Ó ní rárá, wáàfù ni. Àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ dúró lẹ́nu géètì. Bàbá yọ ìkọ́ irin tó fi ń fa àpò. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ máa ń fi ìkọ́ rẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ fi rọ́pò ara rẹ̀ lọ́wọ́ lójú fóòmàn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ á ṣófo, àwọn tó kù á sì máa gbé ìpín tirẹ̀ mọ́ tiwọn.

Fóòmàn bi í pé, "Ṣé ó dá yín lójú?"

Bàbá fi ìkọ́ náà lé ọkùnrin kan tó dúró létí géètì lọ́wọ́, ẹni tó ti ń wáṣẹ́ níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan.

"Ẹnu ìkọ́ yìí ṣì mú," ó ní. "Má fi kan àpò ìyẹ̀fun o, á ya."