Mo Sọ Bàbá Ṣọlá Di Olówó Lórí Ìwé Ìròyìn

Ní gbogbo Agége, kò sẹ́ni tó mọ owó ṣíà, ìpín téèyàn ń rà nínú ilé iṣẹ́, kà nínú ìwé ìròyìn tó mi. Àwọn ọ̀gá báńkì ní Opebi gan-an, èmi ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó rà!

Ohun tí mo sọ fún Bàbá Ṣọlá, aráalé wa, láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ni wọ́n bá gbé ìwé ìròyìn fún mi, kí n wo ṣíà ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ní.

Mo fi ìka tọ ìlà náà lọ. "Bàbá, ẹyọ kan ti di mílíọ̀nù mẹ́ta!"

Wọ́n ké Halelúyà méje bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n fa fóònù yọ. "Mo fẹ́ pe máníjà wa, kó wá ẹlòmíì tí á máa yan bisikíìtì, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀!"

Fóònù ti ń dún lọ́hùn-ún kí Ìyá Ṣọlá tó wo ìwé náà.

"Ẹ pa fóònù yẹn! Iye ṣíà tí gbogbo ayé tà lánàá nìyẹn. Owó ẹyọ kan rèé, kò tó ra búrẹ́dì!"

Bàbá Ṣọlá sáré pa á. "Yéè! Ọmọ yìí ì bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

Ẹ rò pé wọ́n bínú? Wọ́n ní ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà ń kọsẹ̀. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, wọ́n ní kí n pe àwọn ọ̀gá báńkì mi, kí àwọn gbàmọ̀ràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àfi ti báńkì. Kò sí ará Opebi kankan tó mọ̀ mí rí.

Ta ló lè ṣe ohùn bí ọ̀gá báńkì nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìpè mi!